Ẹlẹ́rìí ni Olùgbọ́

Kò sí ohun tí ó rọrùn fún ọmọ ènìyàn láti sọ tó èrò rẹ̀ lórí orin. A kì í sanwó kí a tó ní in, a kì í sì kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìlù kò tíì tutù níbi ìgbéyàwó tí àlejò tí ó jókòó lẹ́bàá ògiri yóò fi ti sọ pé orin náà dùn tàbí pé kò dùn, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró lé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ orin náà ti fi oorun dù ú, ó sì lè ti jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí a bá sọ èrò wa lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn, pàápàá iṣẹ́ àkọ́bí rẹ̀, ǹjẹ́ a jẹ ẹ́ ní ohunkóhun? Àbí èrò ẹni jẹ́ ti ẹni, tí kò sì sí ẹ̀bi nínú rẹ̀?

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ ti òfuurufú, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 1971, ẹgbẹ́ olórin jáàsì kan gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Weather Report ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, orúkọ kan náà ni wọ́n sì fún àwo yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìròyìn ojú ọjọ́, ohun tí àwa níhìn-ín ń pè ní météo. Joe Zawinul, ọmọ ìlú Vienna ní Ọ́stríà, ni ó ń tẹ dùùrù. Wayne Shorter, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Newark, ni ó ń fọn fèrè saxophone. Miroslav Vitous, ọmọ ìlú Prague, ń ta bẹ́ẹ̀sì. Alphonse Mouzon ń lu ìlù. Airto Moreira, ọmọ Bràsíl, sì wà nídìí àwọn ìlù ọwọ́ àti àwọn ohun èlò kéékèèké. Zawinul àti Shorter kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ti bá Miles Davis ṣe In a Silent Way ní 1969, wọ́n sì wà nínú Bitches Brew tí ó jáde ní 1970. Inú àwọn àwo wọ̀nyí ni a ti rí i tí jáàsì ń fẹ́ ohun èlò oníná mànàmáná níyàwó. Ìgbéyàwó yẹn ni ayé ń pè ní fusion, èyí tí a lè pè ní orin àdàpọ̀.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ti di òṣùwọ̀n wọn lọ́wọ́ kí àwo náà tó dé. Orin mẹ́jọ ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Orin wọ̀nyí kì í sáré tẹ̀lé ẹnì kan tí ó wà níwájú. Wọ́n ń yí padà bí ojú ọjọ́ ti í yí: ó ṣú, ó là, afẹ́fẹ́ fẹ́, gbogbo rẹ̀ sì tún parọ́rọ́. Inú àwọn kan dùn sí i. Àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn DownBeat, tí ó jẹ́ ìwé àwọn olólùfẹ́ jáàsì, dìbò fún un gẹ́gẹ́ bí àwo ọdún náà. Àwọn mìíràn kọ̀ ọ́. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni a sì sábà máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ títí di òní.

Èkíní ni ti àwọn tí wọ́n dàgbà sínú jáàsì àtijọ́. Wọ́n ní èyí kì í ṣe jáàsì mọ́, pé iná mànàmáná ti ba ilé bàbá wọn jẹ́. Èkejì ni ti àwọn tí wọ́n ní kò sí orin kan nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè gbé lọ sílé, kí ó máa kùn ún lẹ́nu bí ó ti ń fọ aṣọ. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tí wọ́n dé lẹ́yìn. Ní 1977, ẹgbẹ́ kan náà gbé Heavy Weather jáde. Orin Birdland wà nínú rẹ̀, gbogbo ayé sì jó sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, wọ́n wá fà sẹ́yìn lọ bá àkọ́bí. Nígbà tí wọn kò rí ijó níbẹ̀, wọ́n ní àwọn olórin náà kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà náà.

Ẹ wo àwọn ẹ̀sùn mẹ́ta yìí dáadáa. Ọ̀kan fi bàbá ọmọ dá ọmọ lẹ́jọ́. Ọ̀kan fi ohun tí ọmọ kò ní dá a lẹ́jọ́. Ọ̀kan sì fi àbúrò rẹ̀ dá a lẹ́jọ́. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí ó sọ ohun tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wí. Àwọn bàbá wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni a óò wá pe ẹni tí kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí ó tó dá a?

Ẹ má ṣe rò pé àwọn tí wọ́n bú u nìkan ni mo ń bá wí. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tí wọ́n yìn ín, ìyìn mi sì burú ju èébú lọ. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo gbé àwo náà wá sílé ní Àjàṣẹ́ láti Kútọnu. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó jẹ́ onílù dùndún láti ìgbà èwe rẹ̀, wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wí pé, "Bàbá, ẹ gbọ́ èyí. Iṣẹ́ ńlá ni. Gbogbo àwọn ọ̀mọ̀ràn ni wọ́n yìn ín." Wọ́n gbọ́ ojú kan àwo náà parí, wọn kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀ràn sọ. Ìwọ ńkọ́? Kí ni o gbọ́?"

Mo lanu, n kò rí ohun kan sọ. Àwo náà ti wà lọ́wọ́ mi fún oṣù mélòó kan. Mo ti ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ti gbé e dání níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n n kò tíì jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsọ̀rọ̀, láìkàwé, títí tí yóò fi parí. Ojú tì mí. Ẹnu ẹlòmíràn ni mo fi yìn ín.

Bàbá ní kí n tún un fi sí i. Wọ́n di ojú wọn, wọ́n sì fi ìka lu apá àga díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó parí, wọ́n ní, "Àwọn ènìyàn yìí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. N kò rí ẹni tí ó jẹ́ ìyáàlù láàárín wọn, n kò sì rí ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ìlù. Bí ọ̀kan bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀, èkejì ti dé ẹnu ọ̀nà. N kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí tèmi, mo fẹ́ mọ ẹni tí ń pè mí. Ṣùgbọ́n kò sí irọ́ nínú rẹ̀."

Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó. Ohun tí àwọn olórin náà fúnra wọn ń sọ nípa iṣẹ́ wọn ni pé kò sí ẹni tí ó ń dá kọ, gbogbo wọn ni ó sì ń dá kọ nígbà kan náà. Onílù Àjàṣẹ́ tí kò ka ìwé kankan nípa wọn ti gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ, kò sì fẹ́ ẹ. Èmi tí mo fẹ́ ẹ kò gbọ́ ọ. Nínú àwa méjèèjì, ta ni ó ṣe òdodo sí àwo náà?

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé ẹlẹ́rìí ni olùgbọ́, kì í ṣe adájọ́. Ẹlẹ́rìí kì í sọ pé ẹni yìí jẹ̀bi tàbí pé kò jẹ̀bi. Ohun tí ó ń sọ ni pé: ibí ni mo dúró, èyí ni mo rí, báyìí ni mo ṣe gbọ́ ọ. Ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Kí ó má ṣe fi ojú ẹlòmíràn ríran. Kí ó sì jẹ́wọ́ ibi tí ó dúró sí, nítorí ẹni tí ó wà ní ìhà ọ̀tún ọjà kò lè rí ohun tí ẹni tí ó wà ní ìhà òsì rí. Bàbá jẹ́wọ́ tiwọn: "tèmi, mo fẹ́ mọ ẹni tí ń pè mí." Onílù dùndún ni ó sọ bẹ́ẹ̀, a sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Kì í ṣe lásán ni èdè wa fi pe ohun tí àwọn Faransé ń pè ní conscience ní ẹ̀rí-ọkàn.

Orin tí ó ṣíwájú nínú àwo náà gan-an lè kọ́ wa ní ọgbọ́n yìí. Milky Way ni wọ́n pè é. Zawinul tẹ àwọn ìka dùùrù mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ láìjẹ́ kí wọ́n dún, Shorter sì fọn fèrè rẹ̀ sínú dùùrù náà. Bí fèrè bá ti dákẹ́, àwọn okùn inú dùùrù yóò máa dá a lóhùn fúnra wọn. Ìdáhùn yẹn ni a ń gbọ́ jù lọ nínú orin náà. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Nínú dùùrù, ohun rírọ̀ kan wà tí ó ń di okùn kọ̀ọ̀kan mú kí ó má baà dún. Ìgbà tí a bá tẹ ìka rẹ̀ ni ohun náà ń gbéra kúrò lórí okùn. Okùn tí a kò tú sílẹ̀ kò lè dáhùn, bí ó ti wù kí fèrè náà dún tó. Èyí tí a sì tú sílẹ̀ yóò dáhùn gẹ́gẹ́ bí a ti so ó: ohùn tí ó bá tirẹ̀ mu ni yóò gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà rí. Ilé tí a ti tọ́ wa, ìlù tí ó gbà wá lálejò nígbà tí a bí wa, àwọn ni wọ́n so okùn etí wa. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni bí okùn rẹ̀ kò bá dáhùn. Ẹ̀bi ibẹ̀ ni kí okùn tí kò dáhùn wá sọ pé fèrè kò dún, tàbí kí okùn tí a dì mú máa pariwo pé òun ti dáhùn.

Ẹnì kan lè wí pé mo ti sọ ohun fẹ́ẹ́rẹ́ di ẹrù. Ó ní, orin wà fún ìgbádùn; ẹni tí ó ti oko tàbí ọ́fíìsì dé kò wá sí ilé ẹjọ́. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó sọ pé "n kò fẹ́ràn rẹ̀" kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ pé "kò dára" ti jáde kúrò nínú ilé rẹ̀, ó ti dé ọjà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lè dé etí ẹni tí ì bá ra àwo náà. Láàárín gbólóhùn méjì yìí ni gbèsè wà.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, bí gbogbo wa bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, ta ni yóò wá sọ fún olórin búburú pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára? Mo dáhùn pé ẹlẹ́rìí kì í bo àṣìṣe. Bí ìlù bá ṣì ẹsẹ̀, kí ó sọ ọ́. Bí orin bá jẹ́ àdàkọ, kí ó fi ibi tí a ti jí i hàn. Ìyìn tí kò ní ẹ̀rí kò ran olórin lọ́wọ́. Ó dà bí ìgbà tí a ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tí ó ń rìn lọ sínú kòtò. Ìdájọ́ ń bọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnì kan ni yóò dá a. Ẹ̀rí ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ó ń kó jọ láti ọdún dé ọdún, ni yóò dá a.

Ẹlẹ́rìí rere sì máa ń gba àtúnṣe. Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí ó bá gbóríyìn fún àwọn ìlù ọwọ́ inú àwo yẹn, Airto nìkan ni yóò dárúkọ, nítorí orúkọ tirẹ̀ ni ó wà lára àpò àwo. Ṣùgbọ́n Don Alias àti obìnrin onílù kan, Barbara Burton, lu ìlù níbi ìgbohùnsílẹ̀ náà, a kò sì kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Etí wa gbọ́ wọn, ẹnu wa kò dárúkọ wọn. Bí ó bá ti hàn sí wa báyìí, ó yẹ kí a tún ẹ̀rí wa sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Lionel Loueke, ọmọ Kútọnu tí ó ń ta gìtá káàkiri àgbáyé tí ó sì bá Herbie Hancock ṣiṣẹ́, kò lè jẹ́ ti ilé nìkan tàbí ti òkèèrè nìkan. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí wọn yóò fi owó díẹ̀ gbé àwo àkọ́kọ́ jáde. Àwọn àgbà yóò ní, "Èyí kì í ṣe orin wa." Àwọn ẹgbẹ́ wọn yóò ní kò jọ ti àwọn ará Amẹ́ríkà tó. Wọn ì báà kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná.

Bàbá ti re ìwàlẹ̀ àsà, àwo náà sì wà lọ́wọ́ mi síbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ báyìí, mo sì lè sọ ìdí rẹ̀: mo fẹ́ràn ibi tí fèrè Shorter ti dákẹ́ tí ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ìyókù. Bí ọmọ ilé kan bá gbé orin tuntun wá bá mi tí ó ní gbogbo ayé ń yìn ín, tàbí pé gbogbo ayé ń bú u, ìbéèrè tí wọ́n bi mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni èmi náà ń bi í. Kí ni o gbọ́?