Òótọ́ àti Adùn Ohùn

Àwọn Yorùbá gbà pé òtítọ́ a máa korò. Wọ́n sì mọ̀ pé ohun tí ó dùn ni etí ń fẹ́ gbọ́. Láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí wà: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn fi adùn kún òtítọ́? Bí ó bá sì fi kún un, ṣé òtítọ́ náà ni a ṣì ń gbọ́, àbí nǹkan mìíràn? N kò bá ìbéèrè yìí pàdé nínú ìwé. Ìdí ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo orin ni mo ti bá a pàdé, ní ilé mi ní Ìbàdàn, nígbà tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Nígbà tí a wà ní kékeré, rédíògíráàmù kan wà ní pálọ̀ baba wa, tí wọ́n ń ta aṣọ ní Gbági. Pákó tí ń dán ni wọ́n fi kàn án, ó sì tóbi tó àpótí ẹrù ìyàwó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni èmi fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá tàn án, kì í dún lójú ẹsẹ̀. Àwọn fáàfù inú rẹ̀, tí wọ́n dà bí ìgò kéékèèké, yóò kọ́kọ́ pọ́n bí ẹyin iná. Bí ènìyàn bá ka ení, èjì, títí dé nǹkan bí ọgbọ̀n, ohùn yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Hárúnà Ìṣọ̀lá àti Yùsúfù Ọlátúnjí ni baba wa ń gbọ́ jù. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì gbòde, rédíògíráàmù di ibi tí adìyẹ ń yé sí lẹ́yìnkùlé.

Baba wa jáde láyé ní ọdún 2004. A pín ilẹ̀, a pín aṣọ, a tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí àga kan. Kò sí ẹni tí ó béèrè àwo orin. Èmi ni mo kó wọn, mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n, mo sì tì wọ́n sábẹ́ ibùsùn fún ọdún méjìdínlógún. Èyí kì í ṣe ohun tí mo lè fi yangàn, èmi tí mo ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì lọ́dọọdún pé kí wọ́n máa tọ́jú lítíréṣọ̀ alohùn.

Ọ̀kan nínú àwọn àwo náà yàtọ̀. Olórin àpàlà kan, tí n kò ní í dárúkọ rẹ̀, ni ó ṣe é ní 1976, odidi ojú kan rẹ̀ ni ó sì fi yin baba wa. Ó pè wọ́n ní ọ̀lawọ́, ó pè wọ́n ní baba aláìníbaba, ẹni tí ń rán ọmọ ọlọ́mọ ní ilé-ìwé. Nítorí àwo yìí ni mo ṣe pinnu ní 2022 pé n óò to ẹ̀rọ tèmi jọ, kí ó jẹ́ onífáàfù, kí ohùn náà lè jáde gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.

Mo ra ẹ̀rọ tí ń yí àwo ní tòkunbọ̀, mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́ àti bẹ́líìtì rẹ̀. Nǹkan bí gíráàmù méjì péré ni abẹ́rẹ́ yìí fi ń tẹ àwo. Ti àtijọ́ a máa wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwo baba wa fi ti họ. Ampilifáyà ni iṣẹ́ gidi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n bá mi ṣe é. Iṣẹ́ rédíò ni iṣẹ́ wọn láti ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, láti ìgbà tí rédíò onífáàfù ṣì pọ̀ ní ìgboro, wọ́n sì ti tọ́jú fáàfù mélòó kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé sínú agolo bisikíìtì. Wọ́n lo EL84 kan fún apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ECC83 ṣáájú wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn yí wáyà tìráńsífọ́mà. Agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí wáàtì márùn-ún lọ lápá kan, ṣùgbọ́n ó tó fún pálọ̀ ènìyàn jẹ́jẹ́.

Wọ́n ṣàlàyé fáàfù fún mi dáadáa ju bí mo ṣe ń ṣàlàyé gírámà lọ. Fleming, ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe àkọ́kọ́ ní 1904. Nígbà tí ó di 1906, Lee de Forest ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀yà kẹta kún un. Ẹ̀yà kẹta yìí dà bí asẹ́ tí a fi dí ojú ọ̀nà: iná ń ti ibi gbígbóná kọjá lọ sí ara irin kan, ohùn bíńtín tí abẹ́rẹ́ gbé wá ni ó sì ń ṣí asẹ́ náà tí ó sì ń dí i. Báyìí ni ohun kékeré ṣe ń darí ohun ńlá. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé iná inú rẹ̀ lé ní 250 fóòtì, àti pé bí a bá tilẹ̀ ti pa á, kàpásítọ̀ ṣì lè fi iná pamọ́ tí ó tó láti pa ènìyàn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí ó dá gbogbo àròjinlẹ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n ní bí òótọ́ ni mo bá ń wá, ẹ̀rọ tìràǹsísítọ̀ olówó pọ́ọ́kú sàn ju èyí lọ. Fáàfù ń fi nǹkan kún ohùn. Bí ohùn bá ń gbọ̀n ní igba ìgbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, irú ẹ̀rọ onífáàfù tí a ṣe yìí yóò fi irínwó díẹ̀ kún un, bí ìgbà tí ọmọ kékeré bá ń bá baba rẹ̀ gbe orin kan náà lókè. Etí fẹ́ràn rẹ̀. Adùn rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n olórin kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo rò ó títí, mo sì rí ìdáláre. Lákọ̀ọ́kọ́, àwo fúnra rẹ̀ kì í ṣe òótọ́ ìhòòhò. Láti 1954 ni àwọn oníṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà ti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa dín ohùn nílá kù, tí wọn yóò sì máa gbé ohùn tín-ín-rín sókè kí wọ́n tó gbẹ́ orin sára àwo. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ yóò fẹ̀ jù, àyè kò ní í gba orin. Ẹ̀rọ tí ń lu àwo ni ó ń dá ohùn padà sí ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní dandan àfi ohun tí ó wà lára àwo gan-an ni òun fẹ́, ohùn aláìlẹ́jẹ̀ ni yóò gbọ́.

Èkejì, ẹ wo èdè wa. Bí àwo bá sáré díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, gbogbo ohùn ni yóò gòkè pa pọ̀, ìlù yóò sì ṣì jẹ́ ìlù, ìlú yóò ṣì jẹ́ ìlú, nítorí pé àjọṣe ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ó ń ṣe ìtumọ̀, kì í ṣe bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ga tó. Àwo tí ihò rẹ̀ kò bọ́ sí àárín ni ó léwu: ohùn yóò máa gòkè, yóò máa sọ̀ bí àwo ti ń yí, ẹnu olórin àti ìlù gángan yóò sì máa dà bí ti ọ̀mùtí. Mo wá sọ fún ara mi pé inú àjọṣe ni òótọ́ wà. Fáàfù kò ba àjọṣe jẹ́. Ohun tí ó ń ṣe kò ju ohun tí àwa náà ń ṣe lọ nígbà tí a bá ní ọba wàjà dípò kí a ní ọba kú. Inú mi dùn sí àlàyé yìí débi pé mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì.

Lẹ́yìn náà ni ìyá wa wá kí mi. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí wọn sì ṣì mú. Mo gbé àwo 1976 lé e. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. Ibi tí olórin ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ àti ilé-ìwé gan-an ni iná lọ. Fáàfù ṣì gbóná, iná díẹ̀ ṣì wà nínú kàpásítọ̀, àwo sì ń yí lọ díẹ̀díẹ̀. Ohùn olórin ń lọ sílẹ̀, ó ń wúwo, bí ohùn ẹni tí oorun ń gbé lọ; síbẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni a gbọ́ kí ó tó dákẹ́.

“Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké,” ni ìyá wa wí nínú òkùnkùn.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n ní, “Owó tí bàbá yín kó fún olórin yẹn, owó ilé-ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Mo ta aṣọ òkè mi méjì, kò tó. Ni wọ́n bá ní kí ó lọ kọ́ṣẹ́.”

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò tíì dé ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Nígbà tí ó dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1979, ẹ̀gbọ́n mi ti lo ọdún mẹ́ta nídìí rédíò. Èmi tí wọ́n bí lẹ́yìn wọn ni mo lọ títí mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Ohun tí ó ń dà mí láàmú ni pé olórin náà kò purọ́. Níbi ìsìnkú baba wa, ọkùnrin méjì tí a kò mọ̀ rí wá, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní baba wa ni wọ́n san owó ilé-ìwé àwọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ àwo náà ni ó jẹ́ òótọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáàfù fi ohun tí kò sí kún ohùn, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Olórin kò fi nǹkan kan kún un, ó kàn yọ ọmọ kan ṣoṣo kúrò. N kò tíì padà sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi wá nítorí pé apá òsì ẹ̀rọ náà ń kùn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ nípa owó náà. Wọn kò gbé ojú sókè.

“Mo mọ̀,” ni wọ́n wí. “Gbé àwo náà lé e, kí n gbọ́ ọ.”

Mo gbé e lé e. Nígbà tí ó dé ibi ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n na etí sí sipíkà òsì títí ọ̀rọ̀ náà fi kọjá.

“Ó ṣì ń kùn. Áàtì rẹ̀ ni kò dúró dáadáa. Pa á, kí o sì fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí a tó fọwọ́ kàn án.”