Ìrẹ̀lẹ̀ Tòótọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, igi gíga ni ojú wa mọ̀ ní Ìkọ̀yà àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀: ìrókò, ọ̀pẹ àti rọ́bà. Nítorí náà, ó rọrùn fún wa láti rò pé ohun tí kò ga kò níláárí.

Ẹ wo ìtàkùn tí ń fà lórí iyanrìn etí òkun ní Bàdágírì àti Lẹ́kí. Ewé rẹ̀ là sí méjì bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Oòrùn ń pa á, iyọ̀ òkun ń ta sí i lára. Ó dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sùn: oríkèé rẹ̀ ń ta gbòǹgbò bí ó ti ń lọ, gbòǹgbò náà sì ń di iyanrìn mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ.

Ǹjẹ́ gbogbo ẹni tí ó tẹrí ba ni onírẹ̀lẹ̀? Rárá o. Ẹni tí ó tẹrí ba nítorí ẹ̀rù, ojo ni. Ẹni tí ó fara pamọ́ fún iṣẹ́, ọ̀lẹ ni. Onírẹ̀lẹ̀ tòótọ́ a máa di nǹkan mú fún ẹlòmíràn. Bí ipò yín bá kéré, ẹ má tijú. Kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ pé: Kí ni mo dì mú?