Ewúro Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ní Ẹ́kísódù 12:8 ni Ọlọ́run ti pàṣẹ ewébẹ̀ kíkorò fún Ísírẹ́lì. Àwa ńkọ́? A ń fọ ìkorò ewúro dànù, a sì ń gé e kí ó tó tanná. Èmi pàápàá jẹ̀bi. Bẹ́ẹ̀ ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òdòdó ṣọ̀wọ́n, oyin a máa wọ́ tọ òdòdó rẹ̀ funfun wẹ́wẹ́. Ní 1987, ní òkè Mahale ní Tànsáníà, a rí abo ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò dá, tí ó bó ẹ̀ka ewúro, tí ó fa omi kíkorò inú rẹ̀ mu. Ní ọjọ́ kejì ara rẹ̀ yá. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dá ọ̀kan sí nínú ọgbà ilé-ìwé, kí àwọn ọmọ lè gbọ́ ohùn oyin.