Ta Ló Ni Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Ìkẹyìn?

Àdúrà kan wà tí kì í wọ́n níbi ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó ní Ajégúnlẹ̀: "Alẹ́ wa yóò sàn ju òwúrọ̀ lọ." Gbogbo ènìyàn a dáhùn pé àmín, títí kan àwọn tó ń bu ìrẹsì lẹ́yìn ilé. Àwa Yorùbá gbà pé ìparí ni a fi ń mọ bí ìrìn àjò ṣe rí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa tí kò parí dáadáa, ìparí yẹn ni a ó máa sọ. Èmi náà máa ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí mo rò pé òṣùwọ̀n yìí kò bá mu rárá, iṣẹ́ náà sì ni ti rẹfirí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá.

Ìbéèrè mi nìyí: nígbà tí rẹfirí bá fẹ́ fẹ̀yìn tì, tó wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo, ta ló ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà? Ṣé tirẹ̀ ni, kí ó fi dágbére, kí ó fi ṣoore fún ẹni tó bá wù ú, kí aráyé sì fi ìyẹn nìkan dá a lẹ́jọ́? Èsì mi ni pé kì í ṣe tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúgbò wa kò ní gbà fún mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ni aṣáájú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí rẹfirí ṣe ń kúrò lórí pápá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin FIFA ni pé ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 45 kò gbọdọ̀ darí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àgbáyé mọ́. Wọ́n ti mú òfin yẹn kúrò báyìí, ṣùgbọ́n ìdánwò eré sísá ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbé e mọ́, fèrè rẹ̀ ti dákẹ́ nìyẹn, bó ti wù kí ó mọ òfin tó.

Pierluigi Collina, ará Ítálì tí kò ní irun kankan lórí, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ rẹfirí tó mọṣẹ́. Òun ló darí àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Yokohama ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2002, nígbà tí Brazil na Jámánì ní 2-0. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 45 lọ́dún 2005, àwọn ará Ítálì tún òfin wọn ṣe kí ó lè lo ọdún kan sí i. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ó darí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Villarreal àti Everton ní Sípéènì, láti mọ ẹni tí yóò wọ Champions League. Duncan Ferguson ti Everton fi orí gbá bọ́ọ̀lù wọlé, Collina fọn fèrè, ó ní góòlù náà kò wọlé. Villarreal borí ní 2-1, Everton sì padà sílé. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Collina kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Àdéhùn ìpolówó ọjà tó ní pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Opel ló dá ìjà sílẹ̀ láàrin òun àti àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Ítálì, nítorí Opel kan náà ló ń náwó fún AC Milan. Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Villarreal ṣe di ìkẹyìn rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó darí rẹ̀, ọdún kan gbáko ṣì wà níwájú rẹ̀ lórí ìwé.

Bí a bá fi alẹ́ wọn Collina, góòlù Ferguson nìkan la ó máa sọ, a ó sì gbàgbé Yokohama. Ta ni yóò wọn Saïd Belqola ńkọ́? Ará Morocco ni, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó darí àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1998, nígbà tí Faransé na Brazil ní 3-0. Ó kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2002, nígbà tí Ife Àgbáyé mìíràn ń lọ lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 45 péré ni. Ọjọ́ orí tí òfin ní kí rẹfirí jókòó sílé ni ikú mú un lọ.

Ohun tó mú mi ronú jù lọ ni ti Horacio Elizondo, ará Ajẹntínà, tó darí àṣekágbá ọdún 2006 ní Berlin láàrin Ítálì àti Faransé. Zinedine Zidane ti sọ ṣáájú ìdíje náà pé bí ó bá ti parí, òun kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn rẹ̀ nìyẹn. Ní àfikún àkókò, Zidane fi orí kan Marco Materazzi láyà, ìyẹn sì ṣubú. Elizondo fúnra rẹ̀ kò rí i. Rẹfirí kẹrin tó wà létí pápá ló sọ fún un. Ó lọ bá Zidane, ó na káàdì pupa sókè. Zidane gba ẹ̀gbẹ́ ife náà kọjá wọ inú ilé. Ítálì ló gba ife náà pẹ̀lú pẹnárítì. Kí ọdún yẹn tó parí, Elizondo náà ti fẹ̀yìn tì.

Bí ẹnikẹ́ni bá wà láyé tí ènìyàn lè sọ pé kí wọ́n ṣàánú rẹ̀ nítorí ọjọ́ ìkẹyìn, Zidane ni. Mo ti gbọ́ àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jiyàn níwájú ilé oníbẹ́tì. Wọ́n ní ẹni tó ti fi ayọ̀ fún ayé tó báyẹn, ṣé èèyàn ò lè mójú kúrò? Wọ́n gbàgbé pé Materazzi náà wà lórí pápá. Àwọn mọ́kànlá mìíràn wà níbẹ̀ tí ìkẹyìn Zidane kò kàn wọ́n.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n padà sílé. Ẹni tó bá mọ Ajégúnlẹ̀ yóò mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni a fi ń jí níbẹ̀. Pápá Maracana wà láàrin wa, níbi tí Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó dé Watford àti Manchester United, kí ó sì tó jẹ góòlù ju gbogbo ènìyàn lọ ní Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún 2019. Nítorí náà, kò sí ọmọkùnrin kan láti Boundary títí dé Amùkòkò tí kì í rò pé bóyá òní ni ẹnì kan yóò rí òun. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ajá àti ewúrẹ́ nìkan ló ń wòran, ó ń rò bẹ́ẹ̀.

Bàbá kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Fèrè. Iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Àpápá láàrin ọ̀sẹ̀. Bí tírélà bá ti dí ọ̀nà pa, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wálé. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n á wọ aṣọ dúdú, wọ́n á fi fèrè kọ́rùn, wọ́n á sì wá darí bọ́ọ̀lù ní pápá àdúgbò wa, tí kò tó Maracana rárá. Ohun tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kò tó owó oúnjẹ. Lọ́dún tó kọjá, orúnkún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, wọ́n sì ní àwọn yóò dá fèrè dúró. Àwọn ọkùnrin àdúgbò wa dá owó jọ. Wọ́n ṣe fìlà tí wọ́n tẹ àwòrán Bàbá sí, wọ́n na ìbòrí, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n sì pe ikọ̀ kan láti Amùkòkò kí ó wá bá ikọ̀ àdúgbò wa ta ayò ìdágbére. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ góòlù sínú ìwé, nítorí wọ́n ní ìkọ̀wé mi dára.

Ayò di ọ̀mì, 1-1. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tí ọmọ Amùkòkò kan gbá bọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù náà sì bá ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ nínú ìlà tí wọ́n fi yí ojú ilé ká. Bàbá Fèrè fọn fèrè, wọ́n nawọ́ sí ojú ibi pẹnárítì. Gbogbo pápá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ariwo ta. Ẹnì kan bọ́ fìlà alámì Bàbá, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ tó gbá pẹnárítì náà kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó gbá a wọlé, ó sì sáré yí pápá po bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: 2-1. Ẹni tó di àpòòwé owó Bàbá mú rọra dá a padà sápò rẹ̀. Ó ní bàbá yìí kò moore.

Nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹun. Ó ní kò sí ife kankan níbẹ̀, kò sí owó, eré lásán ni. Bàbá lè ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà, wọn ò gbójú sókè.

"Bó bá jẹ́ ọwọ́ ọmọ Amùkòkò ni ńkọ́?"

"Màmá, ìyẹn yàtọ̀."

"Kí ló fi yàtọ̀?"

Kò rí èsì fún wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, mo sì fẹ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àwọn tó dá owó jọ fẹ́ràn Bàbá. Àwọn baba wa sì ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ìdájọ́ tí kò ní àánú nínú le. Ṣùgbọ́n nǹkan ẹni ni a fi ń ṣàánú. Bí Bàbá bá fẹ́ ṣàánú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n lè bu omi fún un, wọ́n lè gbá a mọ́ra, wọ́n lè fún un ní fìlà tiwọn. Pẹnárítì yẹn kì í ṣe ti Bàbá tí wọ́n á fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ti ọmọ Amùkòkò yẹn ni. Ọjọ́ tó jẹ́ ìkẹyìn fún Bàbá lè jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹnì kan fi ohun tó tọ́ sí ọmọ yẹn lé e lọ́wọ́ níwájú èrò, ní àdúgbò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí wá le ju ti àánú lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀rù lè mú rẹfirí ṣe dáadáa: wọ́n lè dá a dúró, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ta ni yóò dá a dúró? Ó ti ń lọ ná. Bí ẹnì kan bá yọ owó sí i, kí ló kù tó lè dí i lọ́wọ́, pàápàá ní ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ rẹfirí kò ti ní owó ìfẹ̀yìntì kankan lórí fèrè wọn? Àwọn kan yóò ní ìdí nìyẹn tí ìjìyà fi gbọdọ̀ le. Mi ò lòdì sí ìjìyà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, Joseph Lamptey, ará Ghana, fún South Africa ní pẹnárítì nígbà tí wọ́n ń bá Senegal ta láti lọ sí Ife Àgbáyé. Ó ní Kalidou Koulibaly fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ni bọ́ọ̀lù bà. South Africa borí ní 2-1. FIFA fi òfin dè é títí ayé lọ́dún 2017, wọ́n sì ní kí wọ́n tún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ta. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, Senegal borí ní 2-0, wọ́n sì lọ sí Rọ́ṣíà. Ìjìyà wà nílẹ̀ kí Lamptey tó fọn fèrè yẹn, kò sì dá a dúró. Ẹni tí ẹ̀rù nìkan ń ṣọ́, ọjọ́ tí ẹ̀rù bá sùn ni yóò ṣe tinú rẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè ṣe Bàbá Fèrè ní ohunkóhun lọ́jọ́ yẹn. Dípò kí ìdájọ́ tó tọ́ mú èrè wá fún wọn, owó ló gbà lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé Bàbá kò tilẹ̀ dágbére rárá lọ́jọ́ yẹn. Ṣe ni wọ́n darí bọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe máa ń darí rẹ̀ ní Sátidé, fún àwọn tó wà lórí pápá. Àwa tó wà lábẹ́ ìbòrí la ń ṣe ìdágbére.

Àpòòwé yẹn dé ọwọ́ wọn nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí àwọn ìyàwó àwọn tó dá owó náà bínú. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa ń gbé àsíá létí ìlà fún wọn ló ń fọn fèrè báyìí. Bàbá ń wá wòran, wọ́n a jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọn kì í pariwo mọ́ rẹfirí bí àwa yòókù ti ń ṣe. Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi farapa lẹ́sẹ̀, kò sì wọ pápá. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó wá sọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi kọ́ ló lọ bá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn. Bọ́ọ̀lù ló wá bá ọwọ́ mi."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n kí ni ọwọ́ rẹ ń wá lókè orí?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Bàbá sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, àwọn méjèèjì sì jọ wo abala kejì.