Ta Ló San Owó Ẹ̀rín Wa?

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀rín náà. Èrò tèmi ni pé ohun tó bá ti pa ènìyàn lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, títí ayé ni yóò máa pa á lẹ́rìn-ín. Àṣé irọ́ ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan láìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, sáré gbé fóònù ìyá rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ wá wo bàbá kan tó so aago orí tábìlì mọ́ ọrùn ọwọ́!" Kí n tó wo fóònù náà rárá ni mo ti mọ ẹni tó ń wí. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe Bàbá Sàlá? Mo wo ojú fóònù, Ọ̀run Móoru ni mo rí níbẹ̀, fíìmù tó jáde ní 1982, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Inú mi dùn. Mo ní, "Súnmọ́ mi, ìwọ ọmọ yìí. Lónìí ni wàá mọ ohun tí à ń pè ní ẹ̀rín."

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí ó fi yí lulẹ̀. Èmi ń dúró de ẹ̀rín tèmi, kò dé. Mo ń rántí ibi tí a ti máa ń rín, ó ń dé, ó ń kọjá, ẹnu mi ò là. Ọmọ náà wò mí lójú, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé kò dùn mọ́ yín ni?" Mo parọ́ fún un pé mo ti wò ó jù ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bi mí léèrè pé, "Ṣé wọ́n sanwó dáadáa fún bàbá yìí?"

Ẹ má bínú sí i. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ pé àwọn aláwàdà orí fóònù ń gba owó bí èrò bá ṣe ń wò wọ́n sí. Ohun tó mọ̀ ló fi béèrè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà gún mi bí abẹ́rẹ́, nítorí mo mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ọkùnrin náà nítorí àwọn tí kò bá a láyé. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní 1936. Olórin ni kó tó di aláwàdà. Nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ni Sunny Ade ti ta gìtá ní àwọn ọdún 1960, kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, Ọláìyá dá ẹgbẹ́ Aláwàdà sílẹ̀, ó sì bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn. Tí wọ́n bá ní Aláwàdà ń bọ̀ lálẹ́, àdúgbò á pa lọ́lọ́. Ilé tó bá ní tẹlifíṣọ̀n, ojú fèrèsé rẹ̀ kò ní í gba orí ènìyàn mọ́. Bàbá Sàlá á yọ jáde pẹ̀lú awò ojú tó fẹ̀ bí abọ́, pẹ̀lú táì tó tóbi ju ọrùn lọ, ahun paraku, arígbá-ìyà-má-mọ̀-ọ́n. Kò tíì la ẹnu tí a ó ti máa di ẹ̀gbẹ́ mú.

Ọ̀run Móoru ni fíìmù àkọ́kọ́ tó ṣe, Ọlá Balógun ló sì darí rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin oníṣòwò kan tó rí jẹ ni, tí babaláwo èké kan wá fi ẹ̀tàn gba ohun tó ní lọ́wọ́ rẹ̀, pé òun á bá a sọ owó di rẹpẹtẹ. Owó lọ, owó ò bọ̀. Ayé sú ọkùnrin náà débi pé ikú ló wù ú. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn o. Ǹjẹ́ ó jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín? Síbẹ̀ a rín in títí omi ń bọ́ lójú wa. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.

Ní ayé ìgbà náà, fíìmù kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi fóònù yà. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó ńlá ló sì ń ná wọn. Ẹni tó bá ṣe é á yá owó, á ki fíìmù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣàfihàn rẹ̀ sínú ọkọ̀, á máa gbé e kiri láti Èkó dé Ìbàdàn, dé Òṣogbo, dé Àkúrẹ́. Á háyà gbọ̀ngàn, á sì dúró gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Owó ẹnu ọ̀nà yẹn ni ó ń fi san gbèsè, òun náà ni àwọn òṣèré ń jẹ. Bí èrò kò bá wá sẹ́nu ọ̀nà, ó parí.

Ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lérí ti polówó Ọ̀run Móoru káàkiri. Bàbá mi ti ní gbogbo ilé á lọ. Àfi bí ìròyìn ṣe dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé, "Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti wà níta o!" Àwọn kan ti jí fíìmù náà dà sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ti ń fi háyà. Lánlọ́ọ̀dù wa ní ẹ̀rọ fídíò. Kí ni a tún ń wá lọ sí gbọ̀ngàn? Èmi ni wọ́n rán lọ háyà kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo fi í sábẹ́ aṣọ bọ̀ wálé. Kì í ṣe pé ojú ń tì mí, eruku ni n kò fẹ́ kó bà á. Inú mi ń dùn bí ẹni tó lọ gba ẹ̀bùn nílé ìwé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, a tó ogójì ènìyàn nínú pálọ̀ Lánlọ́ọ̀dù. Owó ẹnu ọ̀nà ogójì ènìyàn nù un.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá mi ni, tí à ń pè ní Bàbá Kékeré, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí ọjà aṣọ tó ń tà ní Gbági ti wó. Àwa ọmọdé ò mọ ohun tó wó o. Nígbà tí babaláwo èké bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nínú fíìmù, tí gbogbo pálọ̀ ń hó yèè, Bàbá Kékeré dìde, wọ́n rọra ń bọ́ síta. Èmi aláìmọ̀kan, mo kígbe pé, "Bàbá Kékeré, ẹ má lọ o, ibi tó dùn ló kù yìí!" Gbogbo ilé tún rín. Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí n tó gbọ́ pé àwọn gbájúẹ̀ ti bá àwọn náà sọ owó di púpọ̀. Orí àga pálọ̀ ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń wo ara wọn, tí àwa sì ń pàtẹ́wọ́.

Bàbá Sàlá ńkọ́? Ohun tí wọ́n fi ṣeré nínú fíìmù ló ṣẹlẹ̀ sí wọn lójúkorojú. Kásẹ́ẹ̀tì olè gba ìlú kan, gbọ̀ngàn ṣófo, gbèsè wà ńlẹ̀. Wọn ò jókòó ti ìbànújẹ́, wọ́n ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983, wọ́n sì tún ṣe òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú àpá kì í jọ ojú ara. Nígbà tí wọ́n kú ní Iléṣà ní oṣù October 2018, kò sí ẹni tí kò kì wọ́n. Èmi náà kì wọ́n. Mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé, "Ọkùnrin yẹn pa wá lẹ́rìn-ín láyé yìí!" Kò sọ sí mi lọ́kàn pé n kò san kọ́bọ̀ kan rí fún ẹ̀rín náà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Ó ní mò ń yọ ara mi lẹ́nu ni. Ó ní, "Ọmọdé ni ọ́. Ìwọ kọ́ lo jí i. Àti pé tí kì í bá ṣe kásẹ́ẹ̀tì yẹn, mélòó nínú àwọn tálákà ni ì bá rí fíìmù náà? Tálákà ibo ni ì bá rántí Bàbá Sàlá lónìí?"

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò ní í jiyàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò lówó gbọ̀ngàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé tiwa lówó rẹ̀. Bàbá mi ti yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní ti pé kì í ṣe èmi ni mo jí i, àwọn àgbà ti dájọ́ ìyẹn tipẹ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó máa nawọ́ gbà á, epo á wà lájà. Pé wọ́n sì rántí orúkọ rẹ̀? Orúkọ dára, ṣùgbọ́n báńkì kì í gba orúkọ fún gbèsè. Èyí tó kù ni pé a ò mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. A ò mọ̀ nítorí pé a ò béèrè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi lo ogójì ọdún, n kò béèrè.

Ẹlòmíràn lè ní ẹ̀ṣẹ̀ tòótọ́ tí a dá ni pé a fi ìyà ọmọlàkejì ṣe ẹ̀rín rín. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní ká má fi ìyà rẹ́rìn-ín, kò ní í sí àwàdà láyé mọ́. Nínú The Gold Rush tí Charlie Chaplin ṣe ní 1925, ebi pa á nínú yìnyín débi pé ó se bàtà rẹ̀ jẹ, ó ń tú okùn bàtà jẹ bí ẹni ń jẹ oúnjẹ àlejò. Gbogbo ayé ló rín in. Ṣùgbọ́n Chaplin mọ ohun tí ebi jẹ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn aláìní ní London. Ìyà tó jẹ ẹ́ ló sè, tó bù fún wa. Aláwàdà ló yọ̀ǹda ara rẹ̀ pé ká wá wo ìtìjú òun, kí tiwa lè fúyẹ́.

Èdè wa ti la ọ̀rọ̀ yìí fún wa, a kàn ń sọ ọ́ láìfetí sí i ni. A máa ń ní, "Mo bá a rẹ́rìn-ín." A sì máa ń ní, "Mo fi í rẹ́rìn-ín." Ẹ̀rín kan náà ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni. Ẹni tí a bá rẹ́rìn-ín, a jọ wà níbẹ̀ ni. Ohun tó ń jẹ ẹ́ níyà kò ṣókùnkùn sí wa, ohun tó sì tọ́ sí i kò wọ́n lọ́wọ́ wa. Ẹni tí a fi rẹ́rìn-ín, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Tiwa kàn ni ká rín tán ká dìde. Owó ẹnu ọ̀nà tí a kò san yẹn kì í ṣe owó lásán. Òun ni à bá fi sọ fún Bàbá Sàlá pé, "A wà pẹ̀lú yín." A kò san án, a sì rín. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni. Bí a ti ṣe fi Bàbá Kékeré náà nìyẹn, láìmọ̀, láìbéèrè.

Ẹ ó wá ní kí ni kí á ṣe nígbà tí òkú ò gba gbèsè mọ́. N kò ní ètùtù kankan. Mo mọ̀ pé àwọn aláwàdà tó wà láàyè pọ̀, àwọn tó ń wá ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú náà sì pọ̀. Mo mọ̀ pé nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ẹni kan lè na fíìmù tuntun sí mi láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ní iye tí kò tó owó àkàrà. Títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mò ń rà á. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé nínú ẹbí kọ̀ọ̀kan, Bàbá Kékeré kan wà tó ń dìde kúrò ní pálọ̀ nígbà tí gbogbo ilé ń rín. Bàbá Kékeré tiwa ti lọ láti 1991. N kò bẹ̀ wọ́n rí. Mo máa ń sọ fún ara mi pé wọ́n ti gbàgbé, ṣùgbọ́n èmi tí mo pariwo kò gbàgbé, mélòómélòó ni ẹni tí a pariwo lé lórí.

Mo dá ọmọ-ọmọ mi lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Wọn ò sanwó fún un. Wọ́n jí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi náà wà nínú wọn." Ó la ojú sílẹ̀, ó ń wò mí. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ìtàn kásẹ́ẹ̀tì abẹ́ aṣọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú Bàbá Kékeré nínú rẹ̀. A tún fi fíìmù náà sí i, a wò ó parí. Ní ibi kan sí òpin, Bàbá Sàlá ṣe ojú kan báyìí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Kò pariwo, kò sì pẹ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo bá ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ máa rín o. Ayé le, ẹ̀rín dára fún ara. Ẹ kàn jọ̀wọ́, bí ẹ bá rín tán, ẹ béèrè ẹni tó san owó rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ẹ̀yin, á jẹ́ pé ẹni tó pa yín lẹ́rìn-ín ni.