Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Máa Fi Iṣẹ́ Ẹlòmíràn Dẹ́rù Ba Ọmọ Wa?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò wọ́n lẹ́nu wa bí ọmọ bá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tí kò fọwọ́ kan ìwé: "Bí o kò bá kàwé, ata ni wàá máa tà." Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, a ó ní, "Abẹ́ mọ́tò ni wàá máa sùn sí, epo dúdú ni wàá máa fi para." Ẹlòmíràn á tilẹ̀ nàka sí bíríkìlà tí ń po sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á ní, "Ṣé o rí i? Òun náà kọ̀, kò kàwé." Bíríkìlà náà sì ń gbọ́. A kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí a tó sọ ọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá tiwa ṣe sọ ọ́ fún wa. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní ìwọ̀nba ojú ewé tí a fún mi yìí ni pé, ǹjẹ́ ó tọ́? N kò béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà ń mú kí ọmọ kàwé. Nígbà mìíràn ó ń ṣe é. Mo ń béèrè bóyá ó tọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ bú àwọn ìyá. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé tí kò ní akọ̀wé rí bẹ̀rẹ̀ sí ní ẹni tí ó lè ka lẹ́tà fún wọn. Ẹni tí ó bá jáde ìwé mẹ́fà láyé ìgbà náà lè di tíṣà, ó lè di akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, kí ó máa gba owó oṣù, kí ó sì kọ́lé fún ìyá rẹ̀. Ẹni tí òjò oko kòkó ti pa, tí ó wá rí akọ̀wé lábẹ́ fáànù, a kò lè bá a wí bí ó bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó sá fún ọkọ́. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nígbà náà. Ọmọ tí a bá fi ìbẹ̀rù lé yóò rí ibi gbà wọlé.

Lónìí ńkọ́? Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ ń jókòó ṣe ìdánwò JAMB, àyè tí ó wà ní yunifásítì kò sì tó wọn rárá. Èyí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní wọlé lọ́dún náà, títí kan àwọn kan tí wọ́n kàwé tọ̀sán tòru. Ẹ wá wo ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó di fóònù mú, tí èsì rẹ̀ kò tó. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá bú u. A ti bú u sílẹ̀ de ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà tí ó ti wà ní kékeré ni a ti ń sọ orúkọ ẹni tí kò bá wọ yunifásítì fún un. Lọ́jọ́ tí èsì dé, ó kàn gbé orúkọ náà wọ̀ bí ẹ̀wù ni.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Òkò tí a sọ sí aláta ni ó padà wá bá ọmọ wa lórí ibùsùn, níbi tí ó dojú kọ ògiri tí kò fẹ́ jẹun. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tí mò ń wí. Ìyá á wá máa pàrọwà fún un pé, "Má bọkàn jẹ́, o ṣì lè lọ kọ́ṣẹ́." Kọ́ṣẹ́ kẹ̀? Iṣẹ́ tí a ti fi ọdún méjìlá sọ fún un pé ìyà àwọn ọ̀lẹ ni?

Ẹ tún jẹ́ kí a ro ti àwọn mìíràn tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá jókòó ní ìpàdé pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀gá iléèwé wà láàárín wa, nọ́ọ̀sì wà, aláta wà, aránṣọ tí ó rán aṣọ tí gbogbo wa wọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọmọ ọ̀gá iléèwé àti ọmọ aláta sì lè jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà ní kíláàsì. Nígbà tí tíṣà bá sọ fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá pé ata ni yóò tà, ọmọ aláta gbọ́. Àwọn ọmọ kan ń bẹ tí wọ́n á bẹ ìyá wọn pé kí ó má wá sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, tàbí bí yóò bá wá, kí ó má wọ aṣọ ọjà wá. Owó ata ni a sì fi san owó iléèwé náà.

Èyí tí ó tún le jù ni ti aláta tí ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọ pé, "O kò gbọdọ̀ dà bí èmi." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Ó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ gba ọjà, apẹ̀rẹ̀ tòmátì wọ́n, apá kan rẹ̀ á ti jẹrà kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀yìn ń dùn ún, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì tí ń dúró dè é. Kò purọ́ bí ó bá ní iṣẹ́ náà le. Ó yẹ kí ọmọ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín "iṣẹ́ yìí le, mo sì fẹ́ kí tìrẹ rọrùn ju báyìí lọ" àti "èmi kò já mọ́ nǹkan kan." Obìnrin tí ó mọ iye tí apẹ̀rẹ̀ kan yóò mú wá kí ó tó sanwó, tí ó mọ oníbàárà tí ó lè tà fún láwìn àti èyí tí kò gbọdọ̀ tà fún, tí ń dá àjọ, tí ó ń fi èrè tín-ínrín rán ọmọ mẹ́rin níwèé, ìmọ̀ wà lórí rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó gboyè kò ní. Bí ó bá mú ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó tì í ní ọjọ́ Sátidé kan, kí wọ́n jọ ṣírò èrè ọjọ́ náà, ọmọ yóò kọ́ ìṣirò, yóò kọ́ sùúrù, yóò sì mọ irú ẹni tí ìyá òun jẹ́.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ mímọ iyì ara ẹni tí àwọn tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ, ìgbéraga ni yóò yọrí sí. Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ kí a gbá a dànù. Èrò tèmi ni pé ìgbéraga kò lè dá dúró, ó nílò ẹni tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Agbéraga ní láti rí aláta, tàbí ọmọ tí ó ṣe ìkẹyìn ní kíláàsì, kí ó tó mọ̀ pé òun ga. Ẹni tí ó mọ iyì ara rẹ̀ kò nílò wọn. Bí a bá bá a wí, kò ní fọ́. Bí a bá yìn ín, kò ní wú. Nítorí náà, ọmọ tí a fi ẹ̀gàn àwọn ẹlòmíràn tọ́ gan-an ni ó máa ń gbéraga nígbà tí ó bá ń ṣe dáadáa, òun náà ni ó sì máa ń sọ ìrètí nù nígbà tí nǹkan bá yí padà.

Ìyìn àsọdùn kò sì lè wò ó sàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe òmùgọ̀. Bí a bá ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé kò sí irú rẹ̀ láyé, ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ohun tí ń fi ọkàn ọmọ balẹ̀ ni ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ tí ó sì ṣe é yọrí: kí ó gba owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lọ sọ́jà kí ó sì mú ṣéńjì bọ̀ pẹ̀lú àlàyé, kí ó se oúnjẹ gbogbo ilé (ọkùnrin wọn àti obìnrin wọn ni mo ń bá wí), kí ó lè sọ "rárá" fún ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ mú un lọ síbi tí kò yẹ.

Ìjọba náà ti gbìyànjú. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, wọ́n ní kí ọmọ girama mọ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìwé. Inú àpótí ni irinṣẹ́ ọ̀pọ̀ iléèwé wà títí ó fi dógùn-ún. Ní ọdún 2011 wọ́n tún mú iṣẹ́ 34 wọ inú ẹ̀kọ́ girama àgbà, aṣọ rírẹ, oúnjẹ sísè, fọ́tò yíyà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Owó dá kún ohun tí kò jẹ́ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, òótọ́ ni. Àwa òbí náà dá kún un. Yàrá iṣẹ́ ọwọ́, lójú wa, ibi tí à ń kó àwọn olódo sí ni.

Ta ni ó wá yẹ kí ó yan iṣẹ́ fún ọmọ? Èmi kò sí lára àwọn tí ń sọ pé kí a fi ọmọ sílẹ̀ kí ó ṣe bí ó ti fẹ́. Ní òpin kíláàsì kẹta girama, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni a ń bi wọ́n pé sáyẹ́ǹsì ni, tàbí áàtì, tàbí kọmásà. Ohun tí ọ̀rẹ́ wọn bá mú ni ọ̀pọ̀ yóò mú. Ìyá ní ẹ̀tọ́ láti sọ iye tí agbára òun ká àti ohun tí ojú òun ti rí. Kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ọmọ rẹ̀ gbẹ̀san lára aládùúgbò tí ọmọ tirẹ̀ di dókítà. Ó sì yẹ kí ó tọ́jú ìwádìí: ẹni tí yóò kọ́ ìṣègùn gbọ́dọ̀ ní físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì, ẹni tí yóò kọ́ òfin gbọ́dọ̀ ní lítíréṣọ̀. Àwọn ọmọ kan kì í mọ̀ títí ọjọ́ tí wọn yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù JAMB.

Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Olóyè Folake Solanke, tí ó kàwé ní Methodist Girls' High School tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1879, èdè Látìn àti ìṣirò ni ó kọ́kọ́ gboyè nínú rẹ̀, ó sì ṣe tíṣà kí ó tó lọ kọ́ òfin. Ní ọdún 1981 ni ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Senior Advocate of Nigeria. Olóyè Nike Okundaye, tí a bí ní Ògìdì ní ọdún 1951, kò lọ sí yunifásítì láti kẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́ àwọn àgbà obìnrin ilé wọn ni ó ti kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ, ó sì ti lọ kọ́ni ní yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ ó ní olókìkí ni àwọn wọ̀nyí. Ẹ jàre. Bí ó bá jẹ́ pé aláàdìrẹ tí ó lókìkí nìkan ni a lè bọ̀wọ̀ fún, a kò tíì bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ àdìrẹ; òkìkí ni a bọ̀wọ̀ fún.

Ní ọdún 1959, àwọn sista Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, rí i pé àwọn ọmọbìnrin tí ó wà ní kíláàsì àṣejáde kò mọ ibi tí wọn yóò forí lé. Wọ́n pe àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi ẹnu iṣẹ́ wá bá àwọn ọmọ 60 náà sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ máa ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbaninímọ̀ràn nípa iṣẹ́ ní iléèwé Nàìjíríà. Kò gba owó ìjọba. Ẹnu iṣẹ́ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ wa nìkan tó láti ṣe irú rẹ̀ ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí ń bọ̀, bí a kò bá ti pe dókítà àti lọ́yà nìkan. Kí nọ́ọ̀sì sọ bí iṣẹ́ òru ti rí. Kí aláta sọ bí a ṣe ń ra apẹ̀rẹ̀. Kí aránṣọ wa mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá, kí ó sọ iye tí ó ra ẹ̀rọ, iye ọdún tí ó fi kọ́ṣẹ́ kí ó tó ṣe fìrídọ̀mù, àti ti àwọn tí wọ́n gba aṣọ lọ lọ́jọ́ ọdún tí wọn kò tíì san owó rẹ̀ títí di òní. Ní ti èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí, àwọn kan nínú wa lè fẹ́ yára lọ rí i kí ọjọ́ náà tó pé.