Khutuba Jímọ̀: Ilé-Ìwé Ọmọ Wa, Owó Ìtanràn àti Òdodo Ẹnu Wa

Gbogbo ọpẹ́ ti Allah ni, Ọba tí ó fi ìmọ̀ ṣe ẹ̀dá lọ́ṣọ̀ọ́. A ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Allah máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Allah, a ń sọ fún ara wa kí a tó sọ fún yín: ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Allah ní gbangba àti ní ìkọ̀kọ̀.

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan àwa mùsùlùmí ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọdún Iléyá tàbí ìgbéyàwó bá kàn nílé, a máa ń kó àwọn ọmọ lọ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́, nítorí pé owó ọkọ̀ òfuurufú a máa wọ́n gógó ní àkókò ìsinmi. A ó wá tẹ ilé-ìwé láago pé ara ọmọ kò yá. Ọmọ tí a pè ní aláìsàn yóò dúró nítòsí, yóò sì máa gbọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ìlànà kan náà ni gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Ìjókòó ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ọjọ́ kan, ti òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán. Bí ọmọ bá pa ìjókòó 10 jẹ láìgbàṣẹ láàárín ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ 10, èyí tí í ṣe ọjọ́ márùn-ún péré, owó ìtanràn lè tẹ̀lé e. £80 ni fún ẹni tí ó bá san án láàárín ọjọ́ 21. Lẹ́yìn èyí ó di £160, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 28. Òbí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bù ú fún, lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá àti ìyá tí ó ní ọmọ mẹ́ta lè san £480. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lórí ọmọ kan náà láàárín ọdún mẹ́ta, £160 ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ilé-ẹjọ́ ni ó lè kàn.

Àwọn kan ń wí pé, "A ó san £80 náà, ó ṣì dínwó ju ọkọ̀ oṣù Kẹjọ lọ." A mọ ìnira tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ogun Bádírì, tí wọn kò ní owó ìràpadà. Ìtàn fi yé wa pé Ànábì gbà kí àwọn tí ó mọ̀wé nínú wọn kọ́ àwọn ọmọ Mẹ̀dínà ní ìwé kíkọ, kí èyí sì dúró fún owó wọn. Ó fi owó sílẹ̀ kí ọmọ lè kàwé. Ṣé àwa ni yóò wá máa san owó kí ọmọ má baà kàwé?

Èyí tí ó wúwo jù ni irọ́. Abdullahi ọmọ Āmir sọ pé ìyá òun pe òun ní kékeré pé kí òun wá gba nǹkan, Ànábì sì wà ní ilé wọn. Ó bi ìyá náà léèrè ohun tí ó fẹ́ fún ọmọ. Ó ní dàbínù ni. Ànábì jẹ́ kí ó mọ̀ pé bí kò bá fún un ní nǹkan kan, irọ́ ni wọn ì bá kọ sílẹ̀ fún un. Nítorí dàbínù nìyẹn. Kí ni wọn yóò kọ fún ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ pé, "Bí tíṣà bá bi ọ́, sọ pé inú ń run ọ́"? Ọmọ yóò padà dé kíláàsì pẹ̀lú làálì ìgbéyàwó lọ́wọ́ rẹ̀. Yálà kí ó purọ́, tàbí kí ó dójú ti àwọn òbí rẹ̀: ẹrù yìí ju orí ọmọdé lọ. Bí ó bá sì dé ilé-kéú lópin ọ̀sẹ̀, a ó ní kí áfáà kọ́ ọ pé mùsùlùmí kì í purọ́.

Khutuba Kejì

Ọpẹ́ ni fún Allah. Ẹ̀yin ará, òfin náà kò ti gbogbo ilẹ̀kùn. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1996 kò dá òbí lẹ́bi bí ọmọ kò bá lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ tí ẹ̀sìn rẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìjọsìn. Ẹni tí ó pe ọmọ rẹ̀ ní aláìsàn ní ọjọ́ Iléyá ń fi irọ́ gba ohun tí wọ́n ti fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọdún ni wọ́n fún wa, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ìbàdàn.

Bí ikú òbí bá ṣẹlẹ̀ nílé, ẹ kọ̀wé sí olórí ilé-ìwé kí ẹ tó gbéra. Ó ní àṣẹ láti yọ̀ǹda nítorí ohun àrà ọ̀tọ̀. Bí ó bá kọ̀, kí ẹnì kan nínú òbí lọ, kí èkejì dúró ti ọmọ. Bí ìrìnàjò ọmọ kò bá ṣeé yẹ̀, ẹ sọ òdodo, kí ẹ sì fara mọ́ ohun tí ó bá tẹ̀lé e. Ní ti ìgbéyàwó, ẹ fi ọjọ́ ìsinmi àwọn ọmọ tó mọ̀lẹ́bí létí kí wọ́n tó mú ọjọ́.

Allah pa wá láṣẹ nínú Súrátul-Mā'idah pé kí a máa mú àdéhùn ṣẹ. Nígbà tí a forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ilé-ìwé, àdéhùn ni a ṣe.

Kí Allah fi òdodo sí wa lẹ́nu, kí Ó bùkún owó ìrìnàjò wa, kí Ó sì fi àwọn ọmọ wa ṣe ìtutù ojú fún wa. Āmīn.